Ọwọ́ Òsì Ṣùkúrù

"Ọwọ́ kan! Ọwọ́ kan ṣoṣo ló fi gba abọ́ lọ́wọ́ mi, Ìyá Waheedat. Ó dọ̀bálẹ̀, ọwọ́ òsì wà nínú àpò. Ó dìde, ọwọ́ wà nínú àpò. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì gbé wàrà fún un, ó na ọ̀tún nìkan, ó já a gbà bí ẹni ń gba ṣéńjì lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́. Ṣé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mí ni?"

Bàbá Ládòkun ló ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ báyìí láàárín pálọ̀ rẹ̀ ní Ṣakí. Ọmọkùnrin tó wá tọrọ ọmọ rẹ̀ kò tíì dé títì, òun àti obìnrin tó mú un wá. Àwáwù, ìyàwó Bàbá, ń ṣa abọ́ jọ, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rẹ ohùn sílẹ̀, ará ilé kejì ń gbọ́. Bàbá ní kí wọ́n gbọ́, kí wọ́n sì bá òun sọ fún ọmọ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí yẹn pé wọ́n kì í fi ọwọ́ sápò wá tọrọ ọmọ bí ọ̀gá ọlọ́pàá.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ irú ẹni tí bàbá yìí jẹ́. Kì í béèrè ilé tàbí ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wá fẹ́ ọmọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé abọ́ wàrà fún onítọ̀hún, yóò sì máa wò ó bí yóò ṣe gbà á. Ó ní ojú a máa parọ́, ẹnu a máa parọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í parọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dán ọkọ àwọn ẹ̀gbọ́n Waheedat wò, àwọn yẹn sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n tẹríba.

"Ọwọ́ tí ọkùnrin bá fi pamọ́ fún bàbá," ni Bàbá wí, "òun ni yóò fi máa na ọmọ. Ẹran ọ̀sìn ni ìyá tó bí èyí sìn. Kò tọ́ ọmọ."

Waheedat dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó di kọ́tìnnì mú. Ohun tó yẹ kó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: èmi ni mo ní kó fi ọwọ́ sápò. Gbólóhùn náà gun ọ̀nà ọ̀fun wá, ó sì há síbẹ̀ bí egungun ẹja. Ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ ń gé bí abẹ lọ́jà Ṣakí nìyí o, tó lè fi ọ̀rọ̀ bọ́ ṣòkòtò nídìí oníbàárà tó bá ń fojú di ọjà rẹ̀. Nínú ilé bàbá rẹ̀, ó yadi. Ojú ló ń tì í. Ojú ti ń tì í kó tó di ọjọ́ náà, ìtìjú ọ̀hún ló sì bí gbogbo wàhálà yìí.

Ọjà ni wọ́n ti pàdé. Waheedat ń ta ṣájà, íyàpíìsì, páwà báǹkì àti gbogbo pálapàla tí èèyàn ń so mọ́ fóònù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, tí ẹnu gbogbo èèyàn gbẹ, tí ètè sì là, ọkùnrin kan wọlé, ó ní òun ń wá ohun tó lè gbé fóònù dúró níwájú òun láì jẹ́ pé òun fọwọ́ dì í mú. Waheedat bi í bóyá fíìmù ló fẹ́ ṣe ni, àbí ojú ara rẹ̀ ló wù ú láti máa wò.

"Gìtá ni mo ń kọ́," ni ọkùnrin náà dáhùn. "Inú fóònù ni olùkọ́ mi wà. Bí mo bá gbé e lé itan, ńṣe ló máa ń dojú bolẹ̀ bí ẹni tí mo ṣẹ̀."

Waheedat rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni ọkùnrin náà gbé ọwọ́ òsì lé tábìlì láti yẹ sitáńdì fóònù wò, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu ọmọbìnrin. Àtàǹpàkò wà níbẹ̀, ìfábẹ̀lá wà níbẹ̀, ìka àárín wà níbẹ̀. Méjì tó kù ti lọ, ojú ibi tí wọ́n wà ti dán bí awọ tí wọ́n fi òróró pa. Ọkùnrin náà rí ibi tí ojú rẹ̀ lọ, kò sì fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní ẹ̀rọ tí ń yọ àgbàdo kúrò lára ṣùkù ló mú wọn, lóko bàbá òun ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ó ní Ṣùkúrù ni orúkọ òun, jẹnẹrétọ̀ lòun ń tún ṣe.

Waheedat, tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn pa ẹnu mọ́, béèrè bí wọ́n ṣe ń fi ìka méjì tẹ okùn gìtá. Ọ̀rọ̀ tó ń wá Ṣùkúrù kiri nìyẹn. Ó ní àwọn èèyàn kan wà ní Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní Jípísì, alárìnkiri ni wọ́n látijọ́, inú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ń gbé. Iná jó ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́, ìka méjì péré ló ṣẹ́kù tó wúlò fún un, ìka méjì náà ló sì fi dá irú orin kan sílẹ̀ tí àwọn tí ìka wọn pé ṣì ń làágùn kí wọ́n tó lè ta. Ó ní òun ti gbé gìtá òun sórí àjà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àgbàdo. Ọjọ́ tí òun gbọ́ ìtàn ọkùnrin náà lòun gbé e sọ̀kalẹ̀.

Ó gbé e wá ní ọjọ́ kejì. Kò sí ìlù nínú orin yẹn, kò sí dùùrù. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ ìlù, ṣá-ṣàn, ṣá-ṣàn, bí ẹni ń fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ kíá nítorí àlejò ti dé ẹnu ọ̀nà. Ìka méjì ọwọ́ òsì wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí okùn bí alángbá tó rí ológbò. Àwọn tó ń kọjá lọ dúró. Ọkàn Waheedat ò dúró ní tirẹ̀, ó bá alángbá lọ.

Obìnrin mìíràn a máa ra lọ́fínńdà fún olólùfẹ́. Waheedat ránṣẹ́ sí Ìbàdàn fún ohun kékeré kan tí wọ́n ń há mọ́ orí gìtá, tí iná rẹ̀ máa ń pọ́n bí okùn bá dẹ̀ jù, tó sì máa ń ní àwọ̀ ewé bí okùn bá bọ́ sójú ẹ̀. Ó wá ike ìtagìtá tó le bí pátákò ẹṣin fún un, nítorí Ṣùkúrù ní èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ kàn ń yẹ̀ lórí okùn ni, kò lè jẹ́ kí orin náà sọ̀rọ̀ sókè. Tí a bá wá ń sọ ti áàpù, orí fóònù tirẹ̀ ni Waheedat ti ń kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò. Ó rí ọ̀kan tó lè fa orin títí orin tó ń sáré á fi máa rìn bí aláboyún, tí ohùn rẹ̀ kò sì ní dà bíi ti màlúù. Èyí kan lè gé ibi kékeré nínú orin, kó máa pààrà rẹ̀ títí ìka á fi mọ ọ̀nà. Òmíràn ń ta gìtá kejì, kí ẹni tó dá wà má bàa dá nìkan ta, àmọ́ ó ń jẹ dátà bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu, bí Ṣùkúrù bá sì ti dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì a sá fún un.

Èyí tó ń bá èèyàn ka ìlù, kó, kó, kó, kó, ni Ṣùkúrù ò gbà.

"Ẹ̀rọ yìí ò mọ ìgbà tó bá rẹ èèyàn," ló wí. "Bá mi kà á, Wàhí."

Ó bá a kà á. Ó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń ka ọ̀kan, èjì, ọ̀kan, èjì sínú fóònù rẹ̀, ariwo ọ̀kadà ìta sì bá a wọ ibẹ̀. Láti ìgbà náà, ohùn Waheedat ni Ṣùkúrù fi ń kọ́ gìtá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ọkùnrin bá ní ohùn yín ni òun fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí òun mí, kí lẹ máa ṣe? Waheedat náà sọ pé òun fẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀ sí ìfẹ́ ojú ọjà. Lọ́jọ́ kan, Beauty tó ń ta òkìrìkà lódìkejì béèrè bóyá bí wọ́n bá bímọ, ìka ọmọ náà á pé. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Waheedat, ẹlẹ́nu bí abẹ, tó yẹ kó fi èsì gún ojú Beauty lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà korò lẹ́nu rẹ̀ títí dalẹ́, ó sì rín in náà.

Kò pẹ́ sí i ló ya Ṣùkúrù ní fídíò láti fi polówó ọjà. Gbogbo ohun tó ń tà ló wà nínú fídíò yẹn: sitáńdì, ohun ìhámọ́rí gìtá, fóònù tí áàpù ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó gbé e sí sítétọ́ọ̀sì Wásáàpù rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń yìn ín. Ṣùkúrù wò ó. Ó tún un wò. Ojú rẹ̀ wà níbẹ̀, ikùn gìtá wà níbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ń fò sókè sódò. Ọrùn gìtá ti bọ́ síta fídíò, òun àti ọwọ́ òsì tó dì í mú.

"Wàhí," ló wí jẹ́jẹ́, "ibi tí orin wà gan-an lo gé dànù."

Waheedat ní ìmọ́lẹ̀ ló wà lódìkejì. Ṣùkúrù ní ó dáa. Kò béèrè ohunkóhun mọ́, Waheedat náà kò sì lè wo ojú rẹ̀ títí ó fi lọ.

Bó ṣe di pé wọ́n fẹ́ wá rí Bàbá nìyẹn. Kò sí ìyá fún Ṣùkúrù mọ́, bàbá rẹ̀ ò lè rìn jìnnà, nítorí náà Àpọ́nlé, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ni yóò mú un wá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Waheedat pè é lórí fóònù. Ó ti ro ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún sósì kó tó pè. Ó ní kó wọ jàlámíà tó ní àpò jíjìn, kó fi ọwọ́ òsì síbẹ̀. Ó ní Bàbá a máa béèrè ọ̀rọ̀ jù, kí wọ́n jẹ́ kó fẹ́ràn rẹ̀ ná, kí wọ́n tó wá sọ ti ọwọ́.

"Ṣé ojú ń tì ọ́ nítorí mi ni?"

"Ojú kẹ̀? Ìwọ náà. Kí ọ̀rọ̀ lè rọrùn ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀."

Ṣùkúrù ní bó bá jẹ́ ohun tó fẹ́ nìyẹn, òun á ṣe é.

Ọ̀rọ̀ abọ́ wàrà ò tilẹ̀ wá sí Waheedat lọ́kàn. Ìlù tí wọ́n lù lójú rẹ̀ fún gbogbo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbàgbé ijó rẹ̀. Ìtìjú a máa sọ ọlọ́gbọ́n di òmùgọ̀. Ìgbà tó rí i tí Bàbá dìde, tó fọwọ́ méjèèjì gbé abọ́, ló tó rántí, ọ̀rọ̀ sì ti bọ́ sórí.

Ṣùkúrù ò bínú lẹ́yìn ìbẹ̀wò náà. Ó ní ohun tó bàjẹ́ kò le, gbólóhùn kan ló máa tún un ṣe, ẹnu Waheedat ló sì yẹ kó ti jáde.

"Wà á sọ fún wọn?"

"Màá sọ."

Ó jí lọ́jọ́ kejì láti sọ ọ́, Bàbá ń kírun. Bàbá kírun tán, ó ní ojú Bàbá ò dáa. Ojú Bàbá wá dáa nígbà tó yá, ó ní kí òun má bà á lọ́kàn jẹ́. Báyìí ló ṣe ń sún un síwájú. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kì í ṣe ìbínú bàbá rẹ̀. Bí ó bá ti sọ pé òun lòun ní kó fi ọwọ́ pamọ́, Bàbá á béèrè ìdí, ìdí náà kò sì ṣeé sọ síta. Àna yìí ló ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé kò sí ọkùnrin bíi Ṣùkúrù ní gbogbo Òkè-Ògùn. Báwo ni ẹnu kan náà ṣe máa sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ń ti òun lójú?

Àpọ́nlé padà wá bẹ̀bẹ̀. Obìnrin tó tó bí Waheedat kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní kí Bàbá fojú fo àṣìṣe ọmọdé. Bàbá ní òun ò bínú sí ọmọdé rárá, ẹni tó tọ́ ọ lòun ń bá wí. Ó tún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn sọ lójú rẹ̀. Waheedat wà níbẹ̀, ó gbé ife omi lọ́wọ́. Àpọ́nlé gbé orí sókè.

"Bàbá Waheedat, ọwọ́ ọmọ yẹn..."

"Màmá, ẹ fi Bàbá sílẹ̀ kí wọ́n sinmi," ni Waheedat já lu ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti gbá a lápá mú, ó ń fà á dìde. "Ẹ jẹ́ kí n sìn yín dé ìta."

Ẹ wo ohun tí ọmọ èèyàn lè ṣe. Abẹ́ igi kajú tó wà níwájú ilé ni Àpọ́nlé ti gba apá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣùkúrù ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́, pé ìwọ lo fẹ́ sọ ọ́ fúnra rẹ. Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí nítorí òkú tí wọ́n ń bú. Ìyá tí bàbá rẹ ní ẹran ọ̀sìn ló sìn, lóòótọ́ ló sin ẹran. Gbogbo rẹ̀ pátá ló tà lọ́dún tí ẹ̀rọ gé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, kí dókítà má bàa gé ọwọ́ náà dé ọrùn ọwọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń bọ́ géńdé ọkùnrin lóúnjẹ. O gbọ́ ṣá?"

Waheedat ní òun gbọ́. Àpọ́nlé ò kí i pé ó dàbọ̀.

Ṣùkúrù pè é kí oòrùn tó wọ̀. Kò kí i.

"Ṣé o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bú ìyá mi?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Kí lo sọ?"

Waheedat ń wá ohun tó máa sọ. Ó wá a, ó wá a. Nígbà tó máa rí i, Ṣùkúrù ti pa fóònù.

Kò pè mọ́, kò sì yà sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Waheedat fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ó fi ohùn ránṣẹ́, ó sunkún sínú rẹ̀. Ó fún un ní gbogbo ọ̀rọ̀ tó dùn láyé yìí, àfi pé òun ti sọ fún Bàbá.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, wọ́n jókòó ní pálọ̀ nígbà tí ẹnì kan ṣe sàlámù lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùkúrù ni. Ó dá wá. Ó gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn nínú àpò rẹ̀, ó sì ká ọwọ́ jàlámíà rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó yọ gìtá, ó fi ti ògiri, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú Bàbá, ọ̀tún àti òsì.

Bàbá wo ọwọ́ náà. Àwáwù fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ló dé tí o fi èyí pamọ́ fún mi níjọ́sí?"

"Èmi ni mo ṣe é, Bàbá. Ẹ má bínú." Ojú Ṣùkúrù ṣì wà nílẹ̀. "Mo wá kí ẹ lè rí i pé ìyá mi kọ́ mi. Ọwọ́ méjèèjì ló ní kí n máa fi kí àgbà. Ó sọ ọ́ fún mi kí ẹ̀rọ tó mú ọwọ́, ó sì tún un sọ lẹ́yìn rẹ̀."

Nígbà náà ni egungun ẹja yẹn kúrò lọ́fun Waheedat.

"Irọ́ ló ń pa, Bàbá. Èmi ni mo ní kó fi ọwọ́ sápò. Kò fẹ́, mo fi dandan lé e. Ó ní kí n sọ fún yín, mo ní màá sọ, n kò sọ. Màmá Àpọ́nlé fẹ́ sọ, mo dí wọn lẹ́nu."

"Nítorí kí ni?"

"Ojú ń tì mí."

"Ta ni ojú ń tì ọ́ nítorí rẹ̀? Èmi ni, àbí òun?"

Waheedat kúnlẹ̀. Kò lè gbójú sókè. "Òun."

Ṣùkúrù gbọ́ ọ. Ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí kò jìnnà sí i.

Bàbá Ládòkun, tí ẹnikẹ́ni ò rí i kó bẹ ọmọdé rí, ṣí fìlà. Ó ní kí Ṣùkúrù dìde, ó ní kó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó béèrè orúkọ ìyá rẹ̀, Ṣùkúrù sọ ọ́, Bàbá sì ṣe àdúà fún un lórúkọ, pé kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kó sì forí jì òun nítorí ọ̀rọ̀ tí òun ṣì sọ. Gbogbo wọn ṣe àmín. Bàbá wá ní kò sí ìjà mọ́. Ó ní kí ó lọ sọ fún Àpọ́nlé kí wọ́n mú ọjọ́ wá, òun ti fún un ní Waheedat, tọwọ́tẹsẹ̀.

Àwáwù bú sẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Waheedat gbé ojú sókè, omi ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rín sì ti fẹ́ yọ láàárín rẹ̀.

Ṣùkúrù dìde. Ó tún dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àdúà tó ṣe fún ìyá òun, ó ní ohun tí òun wá gbà nìyẹn, òun sì ti rí i gbà. Ó gbé gìtá rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn.

"O ò tíì dá mi lóhùn," ni Bàbá wí. "Ìyàwó ńkọ́?"

Ṣùkúrù yíjú sí Waheedat, ẹni tó ń pè ní Wàhí tẹ́lẹ̀.

"Ẹ má bínú, àǹtí," ló wí, ó sì jáde lọ.